Kíkà, Ríronú àti Àtúnkọ: Ìjàkadì Òǹkọ̀wé Ìtàn-Àròsọ àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀ fún Olùkọ́ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ Yorùbá máa ń là kọjá kí ìwé rẹ̀ tó di èyí tí a ń kà. A wo ìwé kíkà gẹ́gẹ́ bí ìkọ́ṣẹ́. A wo ìjàkadì òǹkọ̀wé pẹ̀lú èdè, pẹ̀lú àkókò àti pẹ̀lú ojú tí àwùjọ fi ń wò ó. Lẹ́yìn èyí, a mú ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí àwọn agbẹ́gilére agbègbè Òsì ń tẹ̀lé wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí a lè gbà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn kíkọ. Èrò wa ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ìtàn-àròsọ; ó ní ọ̀gá, ó ní irinṣẹ́, ó sì ní ìgbésẹ̀. Ohun tí ó bá sì ní ìgbésẹ̀ ṣeé fi kọ́ni.

1.0 Ìfáárà

Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kọ ìtàn-àròsọ ojú ewé mẹ́ta, ohun méjì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ìhùwàsí wọn. Àwọn kan á ní a kò bí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn. Àwọn mìíràn á kọ ọ́ tán ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọn á sì gbé e fún olùkọ́ bí ó ṣe jáde láìtún un kà. Bí a bá wò ó dáadáa, èrò kan náà ni ó bí ìhùwàsí méjèèjì. Ẹni tí ó sá àti ẹni tí ó kánjú gbà pé ńṣe ni ìtàn máa ń dé bá ènìyàn bí ìgbà tí òjò bá rọ̀: bí kò bá rọ̀, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, bí ó bá sì ti rọ̀, a kò lè tún un rọ̀.

Èrò yìí léwu ju bí ó ṣe rí lójú lọ, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ òní ni olùkọ́ ọ̀la. Òun ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ ní Kóró, ní Òsì, ní Ìlọfà, ní Odò-Ọ̀wà àti ní àwọn ìlú yòókù ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Òun ni yóò kọ àkọlé àròkọ sí ojú pátákó, tí yóò sì sọ fún ọmọ pé kí ó kọ̀wé. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá mọ bí a ṣe ń ti orí ìpínrọ̀ búburú kan dé orí ìpínrọ̀ rere, àmì pupa nìkan ni yóò lè fún ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún gba àkíyèsí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà ètò èdè ti ọdún 2022, èyí tí ó fẹ́ kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa ni pé ìwọ̀nba wákàtí tí a yà sọ́tọ̀ fún Yorùbá nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ yóò fi bá èdè wọn pàdé nínú ìwé. Bí ìtàn kò bá dùn ní wákàtí yẹn, ibòmíràn ṣọ̀wọ́n tí ọmọ náà yóò ti tún rí i.

2.0 Kíkà: Ibi Tí Òǹkọ̀wé Ti Ń Kọ́ṣẹ́

Kò sí òǹkọ̀wé Yorùbá kan tí ó gbajúmọ̀ tí a kò lè tọ ipasẹ̀ ohun tí ó kà tàbí tí ó gbọ́ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ tí I. B. Thomas kọ jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láàárín ọdún 1929 sí 1930, kí ó tó di odidi ìwé. Lẹ́tà ni ó fi ṣe ìtàn náà, bí ẹni pé obìnrin kan ni ó ń kọ̀wé sí olóòtú. Oníwèé-ìròyìn ni Thomas. Ó mọ bí lẹ́tà òǹkàwé ṣe máa ń dún. Nítorí èyí ni ìtàn náà ṣe jọ òótọ́ lójú àwọn tí ó ń kà á. Ohun tí ó ń kà lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sọ di irinṣẹ́.

Ti D. O. Fágúnwà ni ó kún fún ẹ̀kọ́ jù. Ọmọ Òkè-Igbó ni, a bí i ní ọdún 1903, ó sì kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, St. Andrew's, ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, àwọn tí ó mọ ìwé kà rí ipasẹ̀ Bíbélì nínú rẹ̀, wọ́n rí ti àlọ́, wọ́n sì rí ti ìwé John Bunyan tí a ti túmọ̀ sí Yorùbá láti ọdún 1866 ní orúkọ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ béèrè kì í ṣe pé ‘Ta ni Fágúnwà wò?’ bí kò ṣe pé ‘Kí ni ó fi ohun tí ó wò ṣe?’

Ẹ jẹ́ kí a fi ìrìn-àjò inú ìwé méjèèjì wéra. Èrò mímọ́ inú ìwé Bunyan fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ẹrù ara rẹ̀ sẹ́yìn, ìgbàlà ọkàn tirẹ̀ ni ó ń wá. Ní ti Àkàrà-Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọba ni ó rán wọn lọ sí Òkè Láǹgbòdó, ire ìlú ni wọ́n sì ń wá lọ. Wọn kò dá lọ. Kàkó wà níbẹ̀ nítorí agbára, Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀ nítorí ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀ nítorí orin. Ohun tí ọ̀kan kò lè ṣe, èkejì á ṣe é. Ẹni tí ó bá gbọ́ àlọ́ nílé mọ irú ẹgbẹ́ yìí, níbi tí olúkúlùkù ti ń fi ẹ̀bùn tirẹ̀ yọ àwọn yòókù nínú ewu. Fágúnwà gba egungun ìrìn-àjò lọ́wọ́ Bunyan, ṣùgbọ́n ẹran ara tí ó gbé wọ̀ ọ́, láti ilé wá ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíkà àti dídàwékọ nìyí.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1929–2019) náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú lítíréṣọ̀ alohùn wa bí àwọn òyìnbó ṣe ń kọ ọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, tí Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e ní 1971, kò sí ẹni tí ó pe Lápàdé ní àlejò. Ọlọ́pàá àná ni Lápàdé, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ìlú wa ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dápàárá ni ó ń ṣe. Ó ń pòwe, ó sì ń kanra bí a ṣe ń kanra.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1939–2018), tí ó kọ Ó Le Kú ní 1974, fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ó kọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì túmọ̀ ìwé méjì tí Wọlé Ṣóyínká kọ sí èdè Yorùbá: Ikú Olókùn-Ẹṣin àti Aké. Ìtumọ̀ ni ìwé kíkà tí ó lọ́ra jù lọ. Ẹni tí ń túmọ̀ kò lè fo gbólóhùn kan, kò sì lè díbọ́n pé ọ̀rọ̀ kan yé òun. A dá a lábàá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n máa túmọ̀ ojú ewé kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe nítorí kí a lè tẹ̀ ẹ́ jáde, bí kò ṣe nítorí kí ojú wọn lè là sí bí a ṣe ń to gbólóhùn.

3.0 Ìjàkadì Òǹkọ̀wé

3.1 Ìjàkadì pẹ̀lú èdè

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti agbègbè Kóró kì í sọ Yorùbá àjùmọ̀lò nílé. Ẹ̀ka-èdè tí ó bá Èkìtì àti Ìgbómìnà tan ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ń sọ Èkìtì a máa pe ilé ní ulé, a sì máa pe iṣẹ́ ní uṣẹ́. Nígbà tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kọ ìtàn, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń wá ohun tí yóò sọ, ó sì ń wá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbòmíràn. Àbájáde rẹ̀ ni gbólóhùn tí kò ní àṣìṣe gírámà ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ̀mí.

Ojútùú kò sí nínú kí a ju Yorùbá àjùmọ̀lò nù. Òun ni ó jẹ́ kí ọmọ Òsì lè ka ìwé ọmọ Ọ̀yọ́, àkọtọ́ tí a sì fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni ó jẹ́ kí a lè máa kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo. Ojútùú wà nínú kí a pín iṣẹ́ fún èdè méjèèjì. Kí asọ̀tàn máa lo Yorùbá àjùmọ̀lò. Kí ẹ̀dá-ìtàn tí ó jẹ́ ará ilé máa sọ̀rọ̀ bí ará ilé níbi tí ó bá yẹ. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó fún òǹkàwé láti mọ ibi tí ẹni náà ti wá. Àkọ́kọ̀ọ́kọ́ ìtàn náà tilẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀ka-èdè pátápátá, kí ìrònú má bàa dúró nítorí ọ̀rọ̀.

3.2 Ìjàkadì pẹ̀lú àkókò

Olùkọ́ ni Fágúnwà nígbà tí ìwé rẹ̀ kìíní jáde ní 1938. Ọdún 1949 ni Igbó Olódùmarè tó tẹ̀ lé e. Àlàfo ọdún mọ́kànlá wà láàárín wọn, ogun àgbáyé kejì sì jà tán nínú rẹ̀. Ìṣọ̀lá kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà nígbà tí ó wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1961 sí 1962. Ọdún 1970 ni ó tó di ìwé. Eré-oníṣe ni èyí, kì í ṣe ìtàn-àròsọ, ṣùgbọ́n ìdúró náà kò yàtọ̀. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó ni Amos Tutùọlá (1920–1997), ìwé mélòó kan péré ni ó sì kà ní ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí ó kọ ìtàn ọ̀mu ẹmu tí Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a fún ní ìsinmi kí ó lọ máa kọ̀wé. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n jí àkókò wọn.

Olùkọ́ tí ó ń sọ pé òun yóò kọ ìtàn nígbà tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀ ń dá ọjọ́ tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà; ìpínrọ̀ kan lójúmọ́ yóò di ìwé kan láàárín ọdún kan àti ààbọ̀.

3.3 Ìjàkadì pẹ̀lú ojú àwùjọ

Nígbà tí òkìkí Tutùọlá kàn ní òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé nílé kò gbóríyìn fún un. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, pé ó ń ta àbùkù wa níwájú òyìnbó. Ìrònú Yorùbá ni ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì náà, òun gan-an ni ó sì fún un ní adùn. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn náà wọ orí ìtàgé ní èdè Yorùbá, ní orúkọ Ọ̀mùtí, àwọn ènìyàn sì rọ́ lọ wò ó. Ìtàn tí wọ́n ń tijú rẹ̀ padà wálé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ ìtàn Tutùọlá fún un.

4.0 Ohun Tí Agbẹ́gilére Lè Kọ́ Òǹkọ̀wé

Agbègbè tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní orúkọ nínú iṣẹ́ ọnà ju bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe mọ̀ lọ. Aréógun ará Òsì, tí ó kú ní 1954, àti Bámigbóyè ti ẹ̀gbẹ́ Odò-Ọ̀wà, tí ó kú ní 1975, wà lára àwọn agbẹ́gilére Yorùbá tí iṣẹ́ wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri àgbáyé. Ní ọdún 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn kan tí ó dá lórí iṣẹ́ Bámigbóyè nìkan. Bándélé, ọmọ Aréógun, ni ó sì jẹ́ ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 sí 1954.

Ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ (1928–2009) ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni Fákẹ́yẹ ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ìbí nìkan tó, kì bá tí fi ilé sílẹ̀ lọ jókòó sí ẹsẹ̀ ọ̀gá ẹlòmíràn. Ẹni tí a bí iṣẹ́ mọ́ pàápàá tún kọ́ iṣẹ́ náà.

Kevin Carroll, àlùfáà tí ó bójú tó ibi iṣẹ́ náà, kọ ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí ń tẹ̀ lé sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1967. Èkíní ni ọ̀nà lílé: wọn á fi àáké la igi títí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò fi ní àyè tirẹ̀. Èkejì ni àlétúnlé: wọn á pín àwọn àyè ńlá náà sí kéékèèké. Ẹ̀kẹta ni dídán: wọn á mú ojú igi jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín: wọn á fi ọ̀bẹ fín ilà ojú, irun orí àti ọ̀nà ara aṣọ. Kò sí agbẹ́gilére tí í fín irun sí orí tí kò tíì là. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn: wọ́n ń to òwe àti àkànlò-èdè jọ kí wọ́n tó mọ ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe òǹkọ̀wé láǹfààní. Igi tí a bá ti gé kù kò ṣeé lẹ̀ padà. Ìwé gba àtúnṣe. Kò yẹ kí ẹni tí ìwé gbà láàyè tó bẹ́ẹ̀ ní ìpamọ́ra tí ó kéré sí ti agbẹ́gilére.

5.0 Àpẹẹrẹ Kan

Ẹ jẹ́ kí a fi ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí kọ ìtàn kékeré kan.

Ọ̀nà lílé: Ìyá kan ní Kóró ń tọ́jú owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ fi owó náà san gbèsè. Ìyá kọ̀.

Títóbi ìtàn náà nìyí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá dúró níbí, ọkọ yóò di ìkà, ìyàwó yóò di ẹni mímọ́, ìtàn yóò sì di ìwàásù.

Àlétúnlé: Kí ni gbèsè náà? Owó ìsìnkú bàbá ọkọ ni. Ta ni ó yá a lówó? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó gan-an ni, ó sì ti ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ ọjà. Níbo ni owó wà? Ó wà nínú ìkòkò tí ó wà lábẹ́ àwọn iṣu èèbù. Ọmọ náà mọ ibẹ̀. Wàyí o, olúkúlùkù ti ní ẹjọ́ rò. Ọkọ kò burú, ìtìjú ni ó ń bá jà.

Dídán: Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ̀wé báyìí: ‘Inú bí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ gidigidi, ó sì bà á lọ́kàn jẹ́ púpọ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ béèrè owó tí ó ti ń tọ́jú láti ìgbà pípẹ́.’ Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí nǹkan kan. Bí a bá dán an, ó lè di: ‘Bàbá Àbẹ̀kẹ́ béèrè owó náà. Ìyá kò dáhùn. Ó fa abọ́ ẹ̀gẹ́ mọ́ra, ó ń bẹ ẹ́ lọ. Èyí tí ó ti bẹ tẹ́lẹ̀, ó tún mú un, ó tún fi ọ̀bẹ kàn án.’ A yọ ‘inú bí i’ kúrò, òǹkàwé sì rí ìbínú.

Fínfín: Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọlé.

‘Òkú bàbá mi kì í ṣe òkú ẹran,’ ni Bàbá Àbẹ̀kẹ́ wí.

‘N kò pè é bẹ́ẹ̀. Òkú ti sùn. Èyí tí ó jí ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.’

Àbẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò jẹ́ mí sókè. Ó ń wo ọ̀nà ibi tí iṣu èèbù wà.

Kí ni ọmọ yìí yóò ṣe? Ìbéèrè yẹn ni yóò mú kí òǹkàwé ṣí ojú ewé kejì. Bí ó ti wù kí ó rí, kò ní sí ìbéèrè náà bí a kò bá kọ́kọ́ ṣe àlétúnlé.

6.0 Ìmúlò ní Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Fún olùkọ́ tí ó fẹ́ lo ọ̀nà yìí, a dá àbá wọ̀nyí:

(a) Kí ìtàn kan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba ọ̀sẹ̀ kan. Ìtàn kan tí a tún kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin sàn ju ìtàn mẹ́rin tí a kò tún kọ lọ.

(b) Kí olùkọ́ kọ tirẹ̀ sí ojú pátákó pẹ̀lú wọn, kí ó sì máa pa á rẹ́ níṣojú wọn. Ọmọ tí kò rí i kí olùkọ́ fagi lé gbólóhùn ara rẹ̀ rí yóò máa rò pé ìtìjú ni àtúnkọ.

(d) Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìtàn rẹ̀ sókè fún ẹlòmíràn. Etí máa ń gbọ́ ohun tí ojú gbójú fò, pàápàá jù lọ nínú èdè olóhùn bíi tiwa.

(e) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba ìtàn kan sílẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà ìlú rẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, kí ó tó tún un sọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Iṣẹ́ méjì ni èyí ṣe: ó pa ìtàn mọ́, ó sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohùn ẹnu àti ti ìwé.

(ẹ) Kí máàkì wà fún ìgbésẹ̀, kì í ṣe fún ẹ̀dà ìkẹyìn nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀dà rẹ̀ kìíní kò dára, tí ẹ̀kẹrin sì dára, ti kẹ́kọ̀ọ́ ju ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ kò yí padà lọ.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé àwọn òǹkọ̀wé tí a ń yìn kàwé kí wọ́n tó kọ̀wé, pé wọ́n sọ ohun tí wọ́n kà di tiwọn, wọ́n sì bá èdè, àkókò àti ẹ̀gàn jà lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn. A tún ti fi hàn pé ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí àwọn àgbà agbẹ́gilére agbègbè Òsì fi sílẹ̀ bá ìtàn kíkọ mu. Kò sí èyí tí ó ju agbára olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré lọ nínú gbogbo rẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba owó. Ìwé, bírò àti sùúrù ni ó gbà.

A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí a bá kọ́ báyìí ni yóò di Fágúnwà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ni ó di Fákẹ́yẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti tún ìtàn ara rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kò ní ka ìwé ẹlòmíràn bí ó ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀ mọ́. Yóò mọ̀ pé ẹnìkan jókòó, ó gbẹ́ ẹ, ó sì dán an. Èdè tí ó bá ní irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ kò ní wá òǹkọ̀wé tì.